Ẹnu Ọ̀nà Ilé Tó Máa Ń Kún fún Bàtà, Ẹrẹ̀ àti Ẹrù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ojoojúmọ́ là ń gbá ẹnu ọ̀nà wa. Kí ló dé tí kì í mọ́ títí di alẹ́?

Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dà á rú, ìgbálẹ̀ sì kápá ẹyọ kan péré. Àkọ́kọ́ ni erùpẹ̀ àti ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń kó wọlé. Ìkejì ni ẹrù tí ọwọ́ ń gbé sílẹ̀: bàtà, báàgì, agbòjò, kọ́kọ́rọ́, láílọ́ọ̀nù ọjà, ìwé owó iná. Fútùmáàtì àti omi ló ń kojú ti àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, àfi kí ohun kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀.

Ẹrù ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Bí ẹrù bá ti wà nílẹ̀, ìgbálẹ̀ kì í dé abẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni erùpẹ̀ àti aáyán ń fi ṣe ilé.

Ṣé ká kọ́kọ́ lọ ra pẹpẹ bàtà ni?

Rárá o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ra pẹpẹ, bàtà tí kò sẹ́ni tó ń wọ̀ mọ́ ni yóò tò kún un, tí èyí tí wọ́n ń wọ̀ á tún wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà síta, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí ẹnì kan lò láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, èyí tó ń dúró de òde àríyá tàbí àsìkò mìíràn, èyí tó ti já, tó ti fún ọmọ lẹ́sẹ̀, tàbí tí ẹ kò rí ìkejì rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan ló ń padà sẹ́nu ọ̀nà. Ìkejì ń lọ sí yàrá. Ìkẹta, ẹ mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ mélòó kan ṣọ́ ibi tí kálukú ń sọ nǹkan sí tó bá wọlé. Bí bàbá bá ń gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, ìkọ́ tí ẹ kàn sí òdìkejì pálọ̀ kò ní rí kọ́kọ́rọ́ kankan. Ẹ gbé ìkọ́ tọ ọwọ́ lọ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló sì burú jù fún ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń rò: ilẹ̀kùn a máa wà ní ṣíṣí lọ́sàn-án, á sì bo ìkọ́ mọ́lẹ̀.

Bàtà mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?

Méjì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń wọ̀ jáde àti sálúbàtà. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ fi ààyè méjì kún un fún àlejò, ó di méjìlá. Bí bàtà kẹta ẹnì kan bá fẹ́ wọlé síbẹ̀, kí ọ̀kan nínú tirẹ̀ kọ́kọ́ kúrò. Bàtà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti Jímọ̀ dára nínú páálí wọn nínú yàrá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ yẹ bàtà àwọn ọmọdé wò, torí ẹsẹ̀ wọn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Báwo ni pẹpẹ bàtà ṣe yẹ kó tóbi tó? Káfíńtà wa ń béèrè ìwọ̀n.

Bàtà ọkùnrin nọ́ńbà 43 gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn íńṣì 12. Torí náà, pákó íńṣì 12 ní fífẹ̀ tó. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì bàtà kan tó dúró pọ̀ ń gba nǹkan bí íńṣì 8 sí 9, tí ìpele ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kan á fi gba irú bàtà bẹ́ẹ̀ mẹ́rin. Ìpele mẹ́ta ló kápá méjìlá tí a kà lókè yìí.

Pákó kan ṣoṣo tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó nípọn ní íńṣì kan, tó fẹ̀ ní íńṣì 12, tó gbogbo rẹ̀. Ẹ ní kó gé e báyìí: íńṣì 36 fún orí, íńṣì 34 lọ́nà méjì fún àárín àti ìsàlẹ̀, íńṣì 18 lọ́nà méjì fún ẹ̀gbẹ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 140 nínú 144. Íńṣì 4 tó kù ni ti ayùn àti ti orí pákó tó bá ti là. Kí ìpele ìsàlẹ̀ fi íńṣì 4 ga kúrò nílẹ̀, kí ìgbálẹ̀ àti aṣọ ìnulẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ààyè àárín ìpele sí ìpele jẹ́ íńṣì 6. Bàtà aláwọ gíga kò ní wọ íńṣì 6. Orí òkè ni kó máa wà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé káfíńtà kì í fi nǹkan kan sẹ́yìn rẹ̀. Pẹpẹ tí kò ní ẹ̀yìn á máa mì sí ọ̀tún sí òsì, ìṣó á sì tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní kó kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sẹ́yìn rẹ̀ láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ òdìkejì, tàbí kó fi páláńkà fẹ́lẹ́ bo gbogbo ẹ̀yìn.

Kí ẹ tó gbé e sílẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn tán pátápátá, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà ibi tí ó ń gbá kọjá sílẹ̀. Pẹpẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìlà náà, kí ààyè tí ènìyàn ń gbà kọjá má sì dín sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Igi wo ló dára? Ikán ti jẹ èyí tí a kọ́kọ́ kàn.

Ikán kì í rí ìrókò jẹ bọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Àréré àti àfàrà fúyẹ́, wọ́n rọrùn láti rẹ́, ikán àti kòkòrò igi sì fẹ́ràn wọn. Bí ẹ bá lo àwọn yìí, ẹ fi Solignum, oògùn ikán tí a ń fi kun igi, kùn ún kí wọ́n tó kàn án pọ̀, pàápàá ojú ibi tí ayùn gé, torí ibẹ̀ ni ikán ń gbà wọlé. Ìta ni kó ti gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan kí òórùn rẹ̀ tó lọ. Ẹ má gbé pẹpẹ lẹ ògiri típẹ́típẹ́: bí ààyè ìka méjì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ óò tètè rí ọ̀nà erùpẹ̀ tí ikán ń fà gùn ògiri.

Àwọn pẹpẹ MDF (pákó tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tí wọ́n ń tà ní títò pọ̀ máa ń dán ní ṣọ́ọ̀bù. Omi tí a fi ń nu ilẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn á fà á mu, á wú, á máa bó, kò sì sí àtúnṣe. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ka àfọ́kù táìsì. Ti onípáìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ike so pọ̀ dára fún sálúbàtà nìkan. Gìgísẹ̀ bàtà obìnrin ń já bọ́ láàárín páìpù rẹ̀, ike rẹ̀ sì ń là.

Fútùmáàtì kan kò ha tó?

Kò tó. Ọ̀kan onírun líle níta láti ha erùpẹ̀, ọ̀kan aláṣọ nínú láti fa omi. Kí ti ìta fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, kó sì gùn débi tí ẹsẹ̀ méjèèjì á fi tẹ̀ ẹ́. Kékeré tí wọ́n kọ “Welcome” sí yẹn, ẹsẹ̀ kan ló ń nù.

Kí ẹ tó ra ti inú, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn. Bí àlàfo ibẹ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, fútùmáàtì tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ á máa ká, ilẹ̀kùn á sì há. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà. Tówẹ̀lì àlòkù àti ìró àtijọ́ máa ń fa omi dáadáa, àmọ́ lórí táìsì wọ́n ń yọ̀, àwọn àgbàlagbà ló sì ń ṣubú. Àjákù rọ́ọ̀gì ni kí ẹ sá fún pátápátá nígbà òjò: omi ń dúró sábẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò.

Ẹ máa gbọn ti ìta lójoojúmọ́, kí ẹ fọ ti inú lọ́sẹ̀. Nígbà òjò, ẹ ní méjì ti inú, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí ìkejì wà nílẹ̀.

Òjò ti dé. Kí la máa ṣe sí ẹrẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu ọ̀nà nìkan, láti géètì ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ láti géètì dé ilẹ̀kùn bá jẹ́ amọ̀, kò sí fútùmáàtì tó lè kápá rẹ̀. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò sí ojú ọ̀nà náà, kó nípọn tó íńṣì méjì sí mẹ́ta, tàbí kí ẹ to bíríkì pẹlẹbẹ síbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn nìkan kò ràn án. Òjò á wọ́ ọ lọ, èyí tó kù á sì bá ẹsẹ̀ wọlé.

Garawa omi àti ike ìbomi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàsọ̀, fún ẹni tó wọ sálúbàtà dé, kò tíì ní àrọ́pò. Ní ti bàtà aláwọ tàbí kámbáàsì, ẹ má nu ẹrẹ̀ tútù, nítorí ńṣe ni á wọ inú rán rẹ̀. Ẹ gbé e sórí tíréè tàbí bébà títí yóò fi gbẹ, kí ẹ gbá méjèèjì mọ́ra níta, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n.

Agbòjò ńkọ́?

Ẹ ṣí i sílẹ̀ lábẹ́ bàráńdà kó gbẹ ná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ egungun rẹ̀ á dípẹtà. Lẹ́yìn náà, garawa ọ̀dà onílítà 20 tó láti fi gbà á dúró. Ẹ da òkúta díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kó má baà dojú dé.

Ẹ máa da omi tó bá sẹ̀ sínú garawa náà nù lójoojúmọ́. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọjọ́ 7 sí 10, omi kékeré bẹ́ẹ̀ sì tó o.

Nígbà ọyẹ́, eruku ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀nà wo la lè gbà dí i?

Ẹ ra rọ́bà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tàbí kí ẹ rán aṣọ gígùn bí ọ̀pá, kí ẹ da iyanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ síbẹ̀ lálẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu pẹpẹ bàtà, nítorí ìgbálẹ̀ gbígbẹ kàn ń gbé eruku ọyẹ́ sókè ni.

Níbo ni kọ́kọ́rọ́ yẹ kó wà?

Ibì kan ṣoṣo, nínú ilé, nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó dúró síta kò lè rí i láti ojú fèrèsé tàbí nẹ́ẹ̀tì. Olè tó ní igi gígùn kò nílò láti já ilẹ̀kùn. Ẹ má kọ àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà ilé mọ́ kọ́kọ́rọ́. Òwú aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó láti dá wọn mọ̀.

Ilé tó ní ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń fi páádì tì lóru gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èyí láìsí àwáwí: kí kọ́kọ́rọ́ páádì náà ní ìkọ́ tirẹ̀, tí gbogbo àgbàlagbà ilé àti ọmọ tó ti lóye mọ̀, tí ọwọ́ wọn sì tó nínú òkùnkùn. Kò gbọ́dọ̀ sùn nínú báàgì ìyá tàbí lábẹ́ ìrọ̀rí bàbá. Bí iná bá sọ lóru, kò sí àsìkò láti máa béèrè ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà gan-an ni bàtà àti kẹ́ẹ̀gì kò fi gbọ́dọ̀ dí ẹnu ọ̀nà.

Ìkọ́ tí a kàn mọ́ ògiri ń já bọ́ ṣáá. Kí ló fà á?

Ìṣó tí ẹ kàn kò kọjá símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, èyí tí kì í sábà nípọn ju ìdajì íńṣì sí íńṣì kan lọ. Báàgì ọmọ kan tó láti fà á já. Ẹ lo dírílì, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ tó jẹ́ mílímítà 6, ti bíríkì, lu ihò tó jìn tó íńṣì méjì. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò náà jáde, kí ẹ ti fíṣà oníke, ìyẹn ike kékeré tó ń di sikúrúù mú nínú ògiri, bọ̀ ọ́, kí ẹ wá fi sikúrúù dè é. Eruku tí ẹ kò bá fẹ́ jáde ni kì í jẹ́ kí fíṣà di ògiri mú.

Bí fíṣà bá ń yí lófìfo, ẹ ti lu inú ihò bíríkì nìyẹn. Ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní íńṣì méjì sí mẹ́ta, ẹ óò bá ibi tó le. Ẹ má lu ihò ní tààrà lókè tàbí nísàlẹ̀ súwíìṣì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì, torí ibẹ̀ ni páìpù wáyà sábà máa ń gbà.

Kàkà kí ẹ de ìkọ́ márùn-ún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ de pákó kan tó fẹ̀ ní íńṣì 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, mọ́ ògiri níbi mẹ́ta, kí ẹ wá de àwọn ìkọ́ mọ́ pákó náà.

Onílé wa kò fẹ́ ká lu ògiri rárá.

Ẹ lo ìdúró onígi tó ń dá dúró, tàbí ìkọ́ onírin tí wọ́n ń fi há orí ilẹ̀kùn. Ìkọ́ alátè máa ń di táìsì àti gíláàsì mú dáadáa. Lára ọ̀dà olómi, ọ̀dà náà ni yóò bó pẹ̀lú rẹ̀, ẹjọ́ onílé ò sì ní tán.

Báàgì iléèwé àwọn ọmọ máa ń wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ wo gíga ìkọ́ yín. Ìkọ́ àgbàlagbà ń wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè nà dé ibẹ̀ pẹ̀lú báàgì tó kún fún ìwé. Ẹ de tiwọn sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ọ̀kan fún ọmọ kan, pẹ̀lú àwọ̀ tàbí orúkọ rẹ̀. Ìkọ́ tí a ń pín lò ló ń dá ìjà sílẹ̀.

Kí kúlà oúnjẹ àti ike omi kọ́kọ́ lọ sí kíṣìnnì kí báàgì tó gun ìkọ́. Ìyókù ìrẹsì inú báàgì ló ń pe èèrà àti aáyán wá sẹ́nu ọ̀nà.

Ìwé owó iná, káàdì ìpè àti rìsíìtì ń kó jọ síbẹ̀.

Àpótí kan ṣoṣo, kó má tóbi. Ẹ tú u ní Sátidé. Bébà fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà iná mítà sí máa ń parẹ́ bí ooru bá mú un, torí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tàbí kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Òórùn bàtà ń pàdé àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ká fi káńfọ̀ sí i?

Ọ̀rinrin òógùn ló ń fa òórùn náà, kì í ṣe bàtà fúnra rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù tí a pa dé lórí bàtà tútù ń mú un le sí i, nítorí náà ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù bàtà gbọ́dọ̀ ní ihò. Ẹ ki bébà ìwé ìròyìn bọ inú bàtà lálẹ́, kí ẹ yọ ọ́ láàárọ̀. Kámbáàsì lè wà nínú oòrùn. Bàtà aláwọ, ibòji afẹ́fẹ́ ni, torí oòrùn ń mú awọ là, ó sì ń tú gọ́ọ̀mù ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èédú tí a dì sínú aṣọ fẹ́lẹ́ ń fa òórùn díẹ̀.

Káńfọ̀ ni a kò gbani níyànjú. Púpọ̀ nínú àwọn hóró funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà ní káńfọ̀ jẹ́ kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní naphthalene. Ọmọdé lè rò pé súìtì ni. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀, naphthalene sì lè mú kí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn máa fọ́, títí tí ibà pọ́njú á fi yọ lára ọmọ tuntun.

Ṣé a lè kúkú fi gbogbo bàtà sílẹ̀ síta?

Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí bàráńdà bá ní òrùlé, tí géètì sì ń tì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ní pàtàkì bí koríko bá wà nítòsí: àkéekèé, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò kékeré máa ń wá ibi òkùnkùn sùn.

Yàrá kan la ní nínú fésì-mi-n-fésì-ẹ, pásééjì sì jẹ́ ti gbogbo ayálégbé.

Pásééjì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kò gba pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí kálukú bá gba ẹsẹ̀ bàtà kan kan, méjì ló kù, ẹni tó gbé garawa omi kò sì ní lè kọjá. Ẹ má gbé pẹpẹ síbẹ̀ rárá. Ẹ ní kí télọ̀ rán àpò bàtà tí ẹ óò so kọ́ sí ojú ilẹ̀kùn tó kọjú sínú yàrá: aṣọ tó nípọn, àpò 12 ní ìlà mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó íńṣì 10, kí ó sì fẹ̀ ní íńṣì 7. Sálúbàtà méjì nìkan ló yẹ kó wà ní pásééjì níwájú yàrá kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Sítóòfù àti sìlíńdà gáàsì ní pásééjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ wúruwùru mọ́, ewu ni. Kí àwọn ayálégbé jókòó sọ ọ́ pọ̀. Lẹ́tà tí ẹnì kan dá lẹ̀ mọ́ ògiri máa ń fa ìkùnsínú lásán.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n má baà jí i.

Kò burú kó sùn síbẹ̀ bó bá ti tutù, tí ẹ sì ti ti ẹnu ọ̀nà epo rẹ̀ pa, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dí ilẹ̀kùn. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún. Carbon monoxide, èéfín olóró tó ń tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ẹni tó ń sùn. Ìta gbangba ni, ó kéré tán mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò ní ààyè lẹ́nu ọ̀nà tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn rárá.

Báwo la ṣe máa sọ fún àgbàlagbà tó wá kí wa pé kó bọ́ bàtà?

Ẹ má sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ sọ ọ́ fún yín: àga kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, sálúbàtà àlejò tó mọ́, àti bàtà àwọn ará ilé tí wọ́n tò síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ tiwọn fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ óò tún máa sọ pé “ẹ jẹ́ kó wà lẹ́sẹ̀ yín, mà.” Bí wọ́n bá wọ bàtà wọlé, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ fún wọn lómi. Aṣọ ìnulẹ̀ á ṣe ìyókù bí wọ́n bá ti lọ. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹ má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Àwọn ẹgbẹ́ ẹni àti àwọn ọmọ, ẹ lè sọ fún àwọn yẹn tààrà.

London la wà. Pásééjì wa tẹ́ẹ́rẹ́, kóòtù àti bàtà òtútù sì pọ̀.

Kóòtù kan fún ẹnì kan ní pásééjì, ìyókù sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kóòtù tútù wúwo, torí náà ara igi tàbí bíríkì ni kí ìkọ́ wà, kì í ṣe ara ògiri páálí lásán. Tíréè oníke ni kí bàtà tútù wà lórí rẹ̀. Ẹ má gbé bàtà aláwọ lé rédíétọ̀ (irin tó ń mú ilé móoru), yóò là. Àbàwọ́n funfun tí iyọ̀ ojú títì ń fi sára rẹ̀, omi tí a bu fínígà díẹ̀ sí ń nù ún kúrò.

Bí àtẹ̀gùn bá jẹ́ ti gbogbo ilé, ẹ má gbé pẹpẹ, kẹ̀kẹ́ tàbí kẹ̀kẹ́ ọmọ síbẹ̀. Ọ̀nà àsálà nígbà iná ni.

A ti ṣe gbogbo rẹ̀, oṣù kan lẹ́yìn náà ó tún ti dàrú.

Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ gan-an. Bí ó bá jẹ́ bàtà ló wà níwájú pẹpẹ, pẹpẹ ti kún. Ẹ ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí bàtà bá wà nílẹ̀ nígbà tí ààyè ṣì wà, ó ṣeé ṣe kí pẹpẹ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ, tàbí kó ní ìlẹ̀kùn tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí. Ẹ yọ ìlẹ̀kùn náà. Bí ó bá jẹ́ báàgì, ìkọ́ ti já tàbí aṣọ ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ láílọ́ọ̀nù ọjà, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ kan síbẹ̀ fún ohun tó ń lọ sí kíṣìnnì.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹrù rẹ̀ ń wà nílẹ̀, ẹ gbé ìkọ́ rẹ̀ lọ síbi tí ó ń sọ ẹrù náà sí kí ẹ tó bá a wí.